Móòlù Omi Kan

Tẹ̀sùbáà onígi ni mò ń sín lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹẹrẹ, lẹ́yìn ìrun Alásárì, nígbà tí ọmọ mi obìnrin pa ìwé rẹ̀ dé, tó ní òun ò lọ síbi ìdánwò lọ́la mọ́.

Ìdánwò kẹ́mísírì ni. Kẹ́mísírì yìí náà ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, òun nìkan ló sì dí i lọ́nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, kí ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Kò sí ohun tó burú nínú aṣọ rírán, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló ń wù ú láti kékeré.

Mo bi í pé kí ló dé.

"Móòlù ni, Mọ́mì. Wọ́n á ní gíráàmù báyìí, móòlù mélòó ni? Bí mo bá sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n ní pípín ni. Bí mo bá pín in, wọ́n ní kí n sọ ọ́ di púpọ̀."

Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń sín ìlẹ̀kẹ̀, kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ẹni tó fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́, kí ló fẹ́ fi móòlù ṣe? Ṣé wọ́n ń bi ìdí aláìsàn ní móòlù ni?"

"Màámá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre." Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Èmi náà parí sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìṣòwò ni mo wà. N kò bá móòlù pàdé rí. Mo ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń mọ iye nǹkan ni. Mo ní ó ti yé mi, bíi kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà ní Ọjà'ba.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló kọ́kọ́ sọ. "Rárá o. Kóńgò, bó ṣe kún ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó ń ka ẹ̀wà inú rẹ̀. Móòlù, iye ẹyọ ni. Iye kan náà ni, ìbáà jẹ́ ti omi, ìbáà jẹ́ ti iyọ̀."

"Tó bá jẹ́ iye kan náà, ìwọ̀n wọn á dọ́gba nìyẹn."

Ó mú tẹ̀sùbáà onígi kan àti olókùúta kan nínú èyí tí a ti parí. Ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni ọmọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó gbé onígi lé òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn ìlẹ̀kẹ̀: ogún gíráàmù. Ó gbé olókùúta lé e: ọgọ́rin. Ó wá wò mí bí tíṣà.

"Iye kan náà, Mọ́mì. Ìwọ̀n ò dọ́gba, torí ọmọ èyí wúwo ju ti ìyẹn lọ." Ó bu ìlẹ̀kẹ̀ igi tí a kò tíì sín lé òṣùwọ̀n títí ó fi di ọgọ́ta. "Okùn mélòó lèyí?"

"Mẹ́ta," ni ìyá ọkọ mi sọ kí n tó yanu. "Ta ni kò mọ ìyẹn?"

Ọmọ mi ń wo òṣùwọ̀n. "Pípín ni," ló sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìwọ̀n okùn kan ni mo fi pín gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ okùn ni wọ́n fún mi, tí wọ́n ń bèèrè gíráàmù, ìgbà yẹn ni mo máa sọ ọ́ di púpọ̀."

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Gíráàmù mẹ́rìndínlógójì omi, bẹ́ẹ̀ gíráàmù méjìdínlógún ni móòlù omi kan. Lọ́sàn-án, ẹgbẹ̀ta lé méjìdínláàádọ́ta ló rí. Ní báyìí, ó kọ méjì. Ó ṣe ìyókù ojú ewé náà, ó ń yẹ ìdáhùn wò lẹ́yìn ìwé títí ó fi parí. Gbogbo rẹ̀ ló gbà.

Èmi ni n kò lè kúrò níbẹ̀. Mo bi í pé ọmọ mélòó ló wà nínú okùn tirẹ̀ yìí, móòlù. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí: mẹ́fà, òdo, méjì, lẹ́yìn náà òdo mọ́kànlélógún. Mo ní kí ó fi móòlù omi kan hàn mí. Ó gbé ife lé òṣùwọ̀n, ó dá a padà sí òdo, ó sì rọra da omi ọ̀rá sí i títí ó fi di gíráàmù méjìdínlógún. Ìsàlẹ̀ ife nìkan ló bò. Ẹnu kan ni.

Bí mo bá dúró lórí òkè Mápó, tí mo wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti Ọjà'ba dé Oníyanrìn, mo máa ń rò pé kò ní iye. Ó ní iye. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tí mo ti sín, àti èyí tí ìyá ọkọ mi ti sín kí wọ́n tó gbé mi wọlé, kò tó ohun tó lè rọ̀ mọ́ orí abẹ́rẹ́ tí mo bá tì í bọ inú ife yẹn. Omi náà mọ́ gaara. N kò rí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Mo ronú nípa gbogbo àlùwàlá tí mo ti ṣe, àti ohun tó ń kán sílẹ̀ ní ìka mi lójoojúmọ́. Ẹnìkan sì jókòó níbì kan, ó fi òṣùwọ̀n ka ohun tí ojú kò lè rí. Mo ní Sùbùhánalláhì lábẹ́ ẹnu.

"Ìyàwó, o wá ń wo omi bí ẹni tó fẹ́ ná an," ni ìyá ọkọ mi wí. "Mu ún, jàre."

Mo mu ún. Ó pẹ́ lẹ́nu mi kí n tó gbé e mì.

Nígbà tí mo ṣíjú, ọmọ mi ti kó ìwé rẹ̀ jọ, ó ń gbá ìlẹ̀kẹ̀ tó fọ́n ká sójú kan.

"Mọ́mì," ló wí, "ẹ bá mi sọ fún Dádì kí wọ́n má tíì gun máṣíìnì wọn jáde láàárọ̀ ọ̀la. Àwọn ni wọ́n máa gbé mi lọ síbi ìdánwò."