Ìgbà Tí A Kò Di Ṣùkú Mọ́ ní Mafoluku

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju fèrèsé yàrá wa lọ, Mafoluku ni à ń gbé, nínú ilé gígùn kan tí yàrá mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo gba àárín wọn kọjá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ kò lè gbàgbé òórùn rẹ̀: kẹrosíìnì láti inú sítóòfù, ọṣẹ ìfọṣọ, àti ẹja tí ẹnì kan ń dín ní yàrá tí a kò mọ̀. Bàálù máa ń fò kọjá lórí páànù wa. Ariwo rẹ̀ máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi á dánu dúró láàárín àdúrà, á dúró de bàálù kó lọ tán, kó tó wá ṣe Àmín.

Owó wà níta nígbà náà. Ìjọba ti fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo yàrá ló sì ń ra nǹkan. Àwọn kan ra fáànù tí ń yí ọrùn. Bàbá ọ̀rẹ́ mi, Sìkírá, ra tẹlifíṣàn, wọ́n sì fi aṣọ léèsì bò ó bí ìyàwó. Bàbá tèmi, ará Èkìtì, akọ̀wé ní ilé ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀, ra aago ara ògiri. Ó ní tẹlifíṣàn ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Sinimá ní tirẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ wa láàárọ̀ ni kí a lọ tò sí ìdí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni bàbá onílé ń ṣí i. Àgádágodo ńlá ló fi tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú okùn dúdú, tọ̀sán-tòru. Bí o bá pẹ́ dé, o ti di ẹni tí ń tọrọ omi kiri nìyẹn. Lẹ́yìn omi, a ó fọ abọ́, a ó ṣa ẹ̀wà, a ó sì fi eérú ha ìdí ìkòkò. Bí ó bá wá di ọ̀sán Sátidé, gbogbo àwa ọmọbìnrin á kóra jọ sábẹ́ igi fúrúùtù lọ́dọ̀ Ìyá Ràfíù láti dirun.

Ará Ìkirè ni Ìyá Ràfíù. Ó máa ń jókòó lórí àpótí, á fi itan méjèèjì há ọ mọ́lẹ̀, á wá fi òòyà onígi la irun rẹ títí omi á fi lé sí ọ lójú. Ẹni tó bá mi orí, òòyà náà á kàn án léjìká. A máa ń ta sùwé nígbà tí a bá ń dúró de ẹni tó kàn, tàbí kí a máa fọ́nnu. Ní Sátidé kan, Sìkírá ní bàbá òun ti mú òun wọ inú bàálù tó dúró sílẹ̀. Bọ́sẹ̀, ọmọ yàrá kẹta, ní àwọn ti mu omi tutù láti inú fíríìjì. Sìkírá wá yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́, Fúnkẹ́? Kí ni ìwọ ti rí rí? Aago?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. N kì í ṣe ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo wo ilẹ̀, mo wo òkè, mo ní: "Mo ti wo sinimá àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀."

Ọwọ́ Ìyá Ràfíù dúró nínú irun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Ní ọ̀nà ilé ìwé wa ní Ṣógúnlé, ògiri kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí wọ́n máa ń lẹ àwòrán sinimá mọ́. Àwòrán kan wà níbẹ̀ ní àkókò náà tó jẹ́ pé mi ò lè kọjá kí n má dúró. Obìnrin kan ló wà lórí rẹ̀, ó wọ kóòtù awọ dúdú tó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ìbọn wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, eyín ṣóńṣó méjì sì yọ létí ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin kan tí irun bò, tí orí rẹ̀ dà bí ti ajá ńlá, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán kéékèèké mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Nínú àkọ́kọ́, obìnrin náà ń fò sílẹ̀ láti orí ilé gogoro. Nínú èkejì, bàbá àgbàlagbà kan sùn sínú pósí. Nínú ẹ̀kẹta, àwọn onírun ń wo òkè láti ẹ̀yìn ọ̀pá irin. Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Obìnrin náà gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí ọ̀kan nínú àwọn onírun náà, bí ìgbà tí màmá mi bá ń wò ó bóyá ara mi ń gbóná.

Àwòrán mẹ́rin yìí nìkan ni mo rí. Èyí tó kù, orí mi ló ti wá.

Mo sọ fún wọn pé àwọn amùjẹ̀ ló ń gbé òkè ilé, wọ́n lówó, wọ́n sì mọ aṣọ wọ̀. Àwọn onírun ń gbé ìsàlẹ̀. Omi ló fa ìjà wọn. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà ní àgbàlá, bàbá tó ń sùn nínú pósí ti fi àgádágodo tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Inú bí àwọn onírun, orí wọn wá ń yí padà di ti ẹranko.

Ìbéèrè àwọn ọmọ yẹn pọ̀. Sìkírá béèrè pé ṣé ooru kì í mú obìnrin náà nínú kóòtù. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tutù, ìdí tó fi ń mu ti ẹlòmíì nìyẹn. Ó ní ta ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ. Mo ní awọ ni, wọ́n kàn ń nù ún ni. Bọ́sẹ̀ wá béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí wọ́n máa bù jẹ. Ṣùkú ni Ìyá Ràfíù ṣẹ̀ṣẹ̀ dì fún Bọ́sẹ̀ tán, gbogbo irun lọ sí àtàrí, ọrùn rẹ̀ sì ń dán fún àdí. Mo wo ọrùn náà, mo ní: "Ọrùn tó bá hàn síta ni wọ́n ń wá."

Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sí ìpàkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Sátidé mẹ́rin ni mo fi sọ ọ́. Kò sí orí tó mì mọ́, òòyà kò sì kan ẹnikẹ́ni léjìká. Àmọ́ kò sí ẹni tó gbà kí wọ́n di ṣùkú fún òun mọ́. Kọ́lẹ́sẹ̀ ni gbogbo wa ń fẹ́, kí irun lè wá sílẹ̀ bo ìpàkọ́. Ìyá Ràfíù ń ráhùn pé, "Ẹ̀ ń pa mí lára o. Ṣùkú ló yá mi lọ́wọ́ jù." Síbẹ̀, òun náà ni yóò ní, "Ó yá, Fúnkẹ́, níbo la bá a dé?"

Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ ní Sátidé karùn-ún. Ọjọ́ kejì ni ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n sì ti ní kí gbogbo ọmọbìnrin wọ aṣọ funfun, kí wọ́n di ṣùkú. Nígbà tí wọ́n fa Bọ́sẹ̀ jókòó, ó figbe ta, ó di igi fúrúùtù mú. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní kí ló dé. Ó ní àwọn amùjẹ̀ máa rí ọrùn òun. Ó ní Fúnkẹ́ ló rí wọn ní sinimá.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá mi dúró níwájú mi, gbogbo ilé sì ti pé.

"Fúnkẹ́, ṣé o lọ sí sinimá?"

Mo ro ó wò. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, pàṣán ni. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, Sìkírá wà níbẹ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀, màá tún padà di ọmọ aláago. Pàṣán a máa tán. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ta ló mú ọ lọ?"

N kò múra sílẹ̀ fún ìyẹn.

"Ta ló tún kù?" Ìyá Bọ́sẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ta ló ń lọ sinimá nílé yìí?"

Gbogbo ojú yí sí yàrá tó kángun sí ẹnu ọ̀nà. Bùrọ̀dá Láídé ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Gbogbo Sátidé ló máa ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀, bàtà gíga àti awò dúdú, á lọ sí sinimá. Bó bá sì padà dé, á fi súìtì kọ̀ọ̀kan sí wa lọ́wọ́. Aṣọ ló ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè é.

"Èmi kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ o!"

"Ọmọ ọlọ́mọ! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án!" Bàbá onílé ti wọ yàrá Bùrọ̀dá Láídé. "Kó ẹrù ẹ, Láídé. Kí oòrùn tó wọ̀, n kò fẹ́ rí ẹ nínú ilé mi." Bàtà gíga náà ló kọ́kọ́ gbé síta. Ọ̀kan dúró, ọ̀kan ṣubú sí ẹ̀gbẹ́.

Bùrọ̀dá Láídé kò pariwo. Ó lóṣòó síwájú mi. "Fúnkẹ́, wò mí. Ṣé èmi ni mo mú ọ lọ?"

Bàtà tó ṣubú yẹn ni mò ń wò. Ìdí rẹ̀ ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní: "Kò sẹ́ni tó mú mi lọ. Mi ò lọ. Ara ògiri ni mo ti rí i."

"Ó ń gbè é ni," bàbá onílé ní.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bi í. Èmi wo sinimá yẹn dáadáa. Fúnkẹ́, kí ló fa ìjà wọn?"

"Omi ẹ̀rọ."

"Omi kẹ̀?"

"Bàbá inú pósí ló tì í pa. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kọ́ ọrùn."

Ìyá Ràfíù wúkọ́. Olúkúlùkù wo ibòmíì, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn padà sí ọrùn bàbá onílé, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń mì lórí àyà rẹ̀. Bùrọ̀dá Láídé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Omi ò sí nínú sinimá yẹn o! Ẹ̀kán kan ò sí ńbẹ̀! Ọmọ yìí ò dé ibẹ̀."

Bàbá onílé ti kọ́kọ́rọ́ bọ inú ẹ̀wù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàtà náà padà wọlé, ó sì to méjèèjì dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn, inú àpò ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé.

Bàbá mi kò nà mí. Ó ní: "Pàṣán tó o fẹ́ jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn wà lọ́rùn ẹ. Ṣùgbọ́n ẹrù Láídé tó ń lọ síta yẹn, ta lo fẹ́ kó bá ọ gbé e?" Ó ní kí n gbé ọwọ́ sókè. Iṣu tí màmá mi gbé kaná jinná tán, wọ́n gún un, kí wọ́n tó ní kí n sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Òpùrọ́," Sìkírá ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A di ṣùkú lọ sí ìkórè. Bọ́sẹ̀ fi ọwọ́ bo ọrùn jálẹ̀ ìwàásù. Èmi náà fi ọwọ́ bo tèmi, èmi tí mo dá a sílẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, inú yàrá ni mo jókòó sí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Sìkírá yọjú, ìdajì orí rẹ̀ ti dì, ìdajì rí bí igbó.

"Ìyá Ràfíù ní kó o máa bọ̀. Wọ́n ti fi òòyà fọ́ èjìká mi tán."

"Irọ́ ni mò ń pa."

"A ti mọ̀. Bùrọ̀dá Láídé ti sọ bí sinimá yẹn ṣe rí gan-an fún wa. Kò dáa. Ìbọn ni wọ́n ń yìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣé obìnrin tìẹ yẹn rí kọ́kọ́rọ́ yẹn gbà àbí kò rí i?"

Mo lọ parí rẹ̀. Obìnrin náà bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn bàbá inú pósí, ó ṣí omi, àwọn onírun mu, wọ́n wẹ̀, ojú wọn sì padà di ti èèyàn. Àwọn ará òkè lé e jáde. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo onírun tí ara rẹ̀ ń gbóná, àwọn méjèèjì jáde lọ. Sìkírá ní níbo ni wọ́n lọ. Mo ní wọ́n gba yàrá ní Ìsọlọ̀. Ìyá Ràfíù ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì ta kókó sí ìdí irun.

Ìsọlọ̀ yẹn ni èmi náà ń gbé báyìí. Omi wà nínú ilé wa, kò sí ẹni tó ń tò fún un. Irú sinimá bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro rí mọ́. Àbíkẹ́yìn mi gbé ọ̀kan wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a jókòó. Kóòtù awọ náà wà níbẹ̀, òjò ń rọ̀ sí i. Bùrọ̀dá Láídé kò parọ́: ìbọn ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ọmọ mi wò ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ooru ń mú un. Nígbà tó parí, tí obìnrin náà ń dá lọ, mo béèrè pé níbo ló ń lọ. Wọ́n ní, "Màámi, ó ti parí." Wọ́n sì fi òmíràn sí i.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, àbíkẹ́yìn mi yìí di ṣùkú, ó ń lọ sí ilé ìwé. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó pè é padà. Mo gbé kọ́là aṣọ rẹ̀ sókè, mo fi bo ọrùn rẹ̀. Ó ní kí ló dé.

Mo ní òtútù ń mú.