Orí Tí Àdín Kò Bá Lára Mu

Dídì kẹta tún yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá ìyá mi. Àdín ti kún gbogbo orí ọmọ tó jókòó sáàárín itan rẹ̀, òórùn rẹ̀ ti gba balikoní wa ní Fẹ́sítákì, àmọ́ bí ìka Màmá bá ti kúrò nídìí irun, wọ̀ọ̀, ó ti tú. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mò ń rẹ́rìn-ín. Màmá fi òòyà onígi gbá mi lórúnkún.

Ọmọ ìsàlẹ̀ ilé wa ni. Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, Íńdíà ni ìyá rẹ̀ ti wá. Irun rẹ̀ tọ́ gbọọrọ dé ìbàdí, ó ń dán. Èmi tí tèmi ká kókó máa ń so táwẹ́lì mọ́rí níwájú dígí, kí n lè rí nǹkan jù sẹ́yìn bíi tirẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nílé ìwé wa, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní irun tirẹ̀, ṣùkú ló sì kàn ní Mọ́ńdè. Òun nìkan ló máa ń so tirẹ̀ sẹ́yìn, làwọn ẹgbẹ́ wa bá ń pè é ní Àlejò. Ìyá rẹ̀ ò mọ irun dì, ó rán an gòkè sí wa. Màmá ti fọ́nnu: orí wo ló kù tí òun ò tíì dì? Òun ti di tàwọn ọmọ Fúlàní ará Alákijà, tó rọ̀, tó gùn. Òun ti di tèmi tó ń ká eyín òòyà.

Dídì kẹrin tú. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn béèrè wẹ́rẹ́ pé, "Màmá, ṣé orí tèmi kì í ṣe ti ibí ni?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Màmá gbé òòyà sílẹ̀.

"Orí ò jẹ̀bi, ọkọ mi. Èmi ni mi ò bi í léèrè kí n tó da àdín lé e."

Ó ní tiwa ń pòùngbẹ ni, ó ń mu àdín. Tirẹ̀ ń fi òróró ara rẹ̀ wẹ̀. A fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, a fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ. Màmá wá fi ọwọ́ gbígbẹ wá inú irun náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fetí sílẹ̀. Ó fi òwú dúdú so ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan kó tó dì í lọ sókè. Ọmọ náà gbọn orí, gbọn orí. Kò tú.

Kí ọ̀sán Mọ́ńdè tó pé, ẹ̀gbẹ́ kan ti ń tú. Àmọ́ ta ló rántí Àlejò? Àwọn ẹgbẹ́ wa ti ń jà lórí ẹni tí yóò bá a tún un dì.

Mo ti kàwé báyìí. Wọ́n ní bí a bá gé irun tó tọ́ wò lójú gígé, ó máa ń rí róbótó, tàwọn ará Ṣáínà nípọn, ti òyìnbó tín-ín-rín, tiwa rí pẹlẹbẹ ló fi ń ká, tí òróró orí kì í fi í rìn dé ṣóńṣó rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá jókòó sáàárín itan mi, ọwọ́ gbígbẹ ló kọ́kọ́ ń wọnú irun rẹ̀, n ó sì pa ẹnu mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá mi ṣe irun ní Apple Junction, wọn a ti da nǹkan sí mi lórí kí n tó jókòó tán. Wọ́n mọ iṣẹ́, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ irun mi ti ń funfun, ó ti ń fúyẹ́, kì í ṣe orí tí Màmá mọ̀ mọ́. Ká ní ó wà láyé ni, ì bá tún bi orí yìí léèrè kó tó da nǹkan lé e.