Oṣù Mẹ́ta Tí Mo Fi Ṣọ́ Ìyàwó Káfíńtà

Mo rántí ìgbà tí iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi nínú ìjọ Ọlọ́run jẹ́ pé kí n máa ṣọ́ nǹkan oṣù obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣakí la wà, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ogun abẹ́lé parí. Ìjọ aládùúrà aláṣọ funfun ni tiwa, òfin wa kò sì lọ́jú pọ̀: obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọ ilé àdúrà títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Bí ẹ bá rí obìnrin tó jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ ò ní í béèrè.

Ìyàwó káfíńtà, tí òun àti ọkọ rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀ nínú ìjọ wa, kì í jókòó síta. Ìyẹn ló mú wa fura. Ó ti sọ fún àwọn alàgbà pé Ọlọ́run pe òun láti máa wàásù. Wọn ò gbà, wọn ò sì kọ̀. Wọ́n ní kó máa bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lórí ẹní, nísàlẹ̀ pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọni lára débi pé àwọn ọkùnrin ń yí àga wọn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí oṣù mélòó kan kọjá tí kò pa ìsìn kankan jẹ, alàgbà àgbà pè mí, torí inú agbo ilé kan náà lèmi pẹ̀lú rẹ̀ ń gbé. Ó ní bó bá jẹ́ pé àìmọ́ ló ń gbé wọlé Ọlọ́run, àwọn máa lé e kúrò nínú ìjọ. Kí n máa wò ó.

Inú mi dùn. Kí n má parọ́, mo ń jowú rẹ̀. Èmi náà máa ń dá wàásù nínú oko iṣu, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo wá di ọlọ́pàá láìwọ aṣọ ìjọba. Mo ń yẹ okùn aṣọ rẹ̀ wò, mo ń yọjú sẹ́yìn balùwẹ̀ bóyá màá rí àkísà tó sá. Bó bá kí mi, mo ní ó fẹ́ fi ẹnu dídùn tàn mí. Bó bá dákẹ́, mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Oṣù mẹ́ta gbáko, n ò rí nǹkan kan. Dípò kí n gbà pé kò sí, mo lọ sọ fún wọn pé ó mọ nǹkan pa mọ́ ni. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. N ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo ti mu oògùn náà yó.

Wọ́n pè é lẹ́yìn ìsìn, lójú gbogbo àwọn ọkùnrin. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin náà fọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ̀yin bàbá, ọdún karùn-ún rèé tí mo bí òkú ọmọ. Láti ìgbà náà n ò rí nǹkan oṣù mọ́. Ohun tí n ò sọ fún ìyá tó bí mi lẹ ní kí n wí yìí."

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ara tu àwọn alàgbà. Wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀, alàgbà àgbà bá ní kò sí ìdíwọ́ mọ́, kó gun orí pẹpẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti dà bí ọkùnrin.

Ó wò wọ́n. "Bí Ọlọ́run bá ṣàánú mi, tí nǹkan oṣù mi padà, ṣé ẹ ó tún ní kí n sọ̀kalẹ̀?"

Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó jáde, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ń wàásù ní abúlé kan lọ́nà Kìṣí. N ò lọ tọrọ àforíjì. Ojú ń tì mí, mo sì jẹ́ kó máa tì mí títí obìnrin náà fi kú.

Èmi náà ń wàásù báyìí. Nígbà tí nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró, àwọn alàgbà pè mí, wọ́n ta òróró sí mi lórí, wọ́n ní Ọlọ́run ti yàn mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohùn tí mo ń gbọ́ láti ọmọ ọdún méjìdínlógún kò yí padà, ara mi nìkan ló yí padà. Bí wọ́n bá ní Ọlọ́run ló yàn mí, mo máa ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n mo ń fura pé ọjọ́ orí ni.