Ẹṣin Onígi Kẹ́hìndé

Bí mo bá gbọ́ òórùn epo ẹ̀rọ àti ti ṣúgà tó ń jó, ẹṣin onígi tó ń yípo ní Kútọnu nígbà àjọ òmìnira ni mo máa ń rí. Bàbá ra tíkẹ́ẹ̀tì kan fún mi. Màmá yọ ère Kẹ́hìndé, ìkejì mi tó ti kú, nínú ìró rẹ̀.

Bàbá ní, “Ìyá Ìbejì, àwọn ọ̀gá mi ń wò wá.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Bí Táyé bá gun ẹṣin, Kẹ́hìndé náà á gun ẹṣin.”

Bàbá ra òmíràn. Màmá fi gèlè so ère náà mọ́ ẹṣin ẹ̀gbẹ́ mi. Bí mo bá yí dé ọ̀dọ̀ Màmá, ètè rẹ̀ a máa mì. Mo rò pé orin ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń bẹ Kẹ́hìndé kó má pè mí lọ.