Ẹran Dúdú Inú Gíláàsì

Kùdírátù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ran ni gbogbo òpópónà náà ní Àgùdà ń pè é. Ìpọ̀nrí ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọláyíwọlá ọkọ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ ẹran tẹ́lẹ̀. Ọláyíwọlá kú ní ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Agége, nígbà tí akọ màlúù kan já okùn, tó fi ìwo gún un nínú, tó sì kàn án mọ́ ògiri kí àwọn ọkùnrin tó lè fà á kúrò. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Kùdírátù gbé ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀, ó pọ́n ọn, ó sì dúró nídìí pátákó.

Ọkùnrin méjì wá bá a pé obìnrin kì í dá ta ẹran ní igun títì náà, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ ta ọpọ́n ẹran dànù, Kùdírátù fi ẹ̀yìn àáké gbá a ní ejìká, egungun náà sì dún débi pé àwọn tó wà lódìkejì títì gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni Awwal, tó jẹ́ olórí àwọn ọkùnrin tó ń jókòó kiri àdúgbò, ti máa ń tẹrí ba kí i.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹran tí wọ́n pa láàárọ̀ kì í sùn mọ́jú lórí pátákó rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, á dín in tàbí kó fi ṣe sàráà. Bí oníbàárà bá sì ṣiyèméjì, á gbé ọ̀bẹ sókè, á fi ahọ́n kàn án, á ní bí ẹran náà bá jẹ́ ti àná, kí irin náà dá òun lẹ́jọ́. Lèmọ́mù ti bá a wí pé mùsùlùmí kì í fi irin búra. Ó dáhùn pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ lòun ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn alápatà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ òun náà sì ṣe é títí tó fi kú. Ní Àgùdà, bí Ìyá Ẹlẹ́ran bá ti fi ahọ́n kan ọ̀bẹ, iyàn tán nìyẹn.

Ilé alájà tó dojú kọ pátákó rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wó. Àwọn ayálégbé ibẹ̀ fọ́n ká, àwọn mìíràn dé Ìkòròdú. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ti dúró síbẹ̀, gíláàsì láti òkè dé ilẹ̀. Christabel ló ni ín, ọmọ àwọn tíṣà Yàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ó ń ta wàrà gbígbẹ tó ń rùn, búrẹ́dì tó le bí òkúta, àti èso tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀.

"Ata rodo mẹ́rin péré nínú ike, wọ́n tún fi ọ̀rá wé e," ni télọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Kùdírátù wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ pé ata yẹn ti ka ìwé?" Awwal dá a lóhùn. "Yunifásítì ló ti ń bọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń wọlé lójoojúmọ́ láti gba atẹ́gùn tútù, kò sì ra nǹkan kan rí. Inú àwọn onílé dùn, nítorí owó ilé gòkè. Àwọn tó ń gbé ilé wọn ni inú wọn kò dùn. Munirah, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Kùdírátù bí, rí iṣẹ́ níbẹ̀, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ìyá rẹ̀ ní kò burú, ó sàn ju kó máa fọ ìfun màlúù lọ.

Lẹ́yìn náà ni onílé wá bá Kùdírátù.

"Ìyá Ẹlẹ́ran, àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yẹn nílò ibi tí wọ́n á máa gbé ọkọ̀ sí. Ẹ wá ibòmíràn kí oṣù yìí tó tán."

"Ta ló ní kí n kúrò? Ẹ̀yin ni àbí àwọn?"

"Èmi kọ́. Ẹ̀jẹ̀ àti eṣinṣin ni wọ́n ní ó ń lé àwọn oníbàárà wọn."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọjọ́ náà ni ìsinmi Munirah, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun ní Ìgànmú. Kò tíì débẹ̀ tí wọ́n fi pè é láti ṣọ́ọ̀bù pé ara ẹni tó yẹ kó ṣiṣẹ́ kò yá. Ó padà, ó gba ẹ̀yìn ilé wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ìyá rẹ̀ kò sì rí i.

Kùdírátù sọdá títì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára àti ọ̀bẹ ní ìgbànú. Christabel ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Túbọ̀sún, ọkùnrin tó ń gé ẹran fún wọn, ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí gíláàsì ńlá kan. Itan màlúù ló so rọ̀ nínú rẹ̀. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ti bu funfun létí.

"Kí lèyí?"

"Ẹran màlúù ni, mà."

"Ìgbà wo ni wọ́n pa á?"

"Ó máa tó oṣù kan báyìí, mà. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń dùn sí i."

"Ta ló dúńbú ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà. Inú ọkọ̀ onífìríìjì ló máa ń bá dé."

"Ṣé ìwọ fúnra ẹ ń jẹ ẹ́?"

Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín. "Agbára mi ò ká a, mà."

Kùdírátù kò mọ̀ pé atẹ́gùn tútù lè gbẹ ẹran láìjẹ́ kó jẹrà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Lójú alápatà tí ẹran kì í sùn mọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹran tó lo oṣù kan, tó dúdú, tí ẹni tó ń tà á kò mọ ẹni tó dúńbú rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló ní. Òkúǹbete ni, ẹran tó kú fúnra rẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ nígbà tó jáde. Ó dúró láàárín títì, ó yọ ọ̀bẹ, ó fi ahọ́n kàn án.

"Mo fi irin yìí búra. Òkúǹbete ni wọ́n ń tà nínú ilé yìí."

Awwal sún mọ́ ọn. "Ìyá Ẹlẹ́ran, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Wọ́n lé wa kúrò nílé," ni ohùn kan wí láàárín èrò, "wọ́n tún fẹ́ bọ́ wa ní òkú ẹran."

"Ta nínú wa ló ti rà á rí?" ni télọ̀ béèrè. Òkúta àkọ́kọ́ ti ba gíláàsì kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀.

Gíláàsì náà ya lulẹ̀, àwọn oníbàárà sá gba ẹ̀yìn jáde, ojú àwọn mìíràn ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n fọ́ àpótí, wọ́n wọ́ ẹran dúdú náà sí títì. Wọ́n di ẹsẹ̀ Túbọ̀sún mú, wọ́n wọ́ ọ jáde lórí àfọ́kù gíláàsì. Ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń pe orúkọ àwọn tó mọ̀ nínú wọn. Ọkùnrin kan fi pákó tí ìṣó wà lára rẹ̀ gbá a lẹ́nu, ẹ̀bẹ̀ náà sì dúró. Wọ́n ń lu orí rẹ̀ àti àyà rẹ̀ títí kò fi gbé ọwọ́ sókè mọ́.

Kùdírátù ti padà sídìí pátákó rẹ̀, ó ń wò ó. Kò ní kí wọ́n lù ú. Kò sì ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ìgbà náà ló gbọ́ "Màámi".

Awwal ló wọ́ Munirah jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó di irun rẹ̀ mú. Ẹnìkan ti gbé táyà wá, ẹlòmíràn gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò. Kùdírátù mú àáké, ó là wọ́n kọjá.

"Awwal, ọmọ mi ni."

"Mo mọ̀ pé ọmọ yín ni. Òun ló ń gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ búra, Ìyá Ẹlẹ́ran, àbí ọ̀bẹ yín ń wojú?"

Ó fi ẹ̀yìn àáké lu ọwọ́ tó di irun náà mú, ìka méjì ṣẹ́. Awwal jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin mìíràn ti fi ìgò la Munirah ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ṣubú. Àwọn ọkùnrin náà yí ìyá àtọmọ ká. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí àáké lè ká lọ, Kùdírátù sì rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹran dúdú náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ bó èèpo rẹ̀. Inú rẹ̀ pupa bí ẹran tí wọ́n pa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn, òórùn bí ẹ̀pà yíyan ló ń ṣe. Ó gé e, ó fi sẹ́nu ní tútù, ó rún un mì níṣojú gbogbo wọn. Ó wá tún fi ahọ́n kan ọ̀bẹ.

"Mo fi irin yìí búra. Ẹran tí wọ́n dúńbú ni. Irọ́ ni mo pa."

Kùdírátù kò mọ ẹni tó pa màlúù náà. Ìbúra àkọ́kọ́ kò dá a lójú tó bó ti rò, èkejì kò sì dá a lójú rárá.

"Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?" télọ̀ béèrè.

Awwal fi ọwọ́ kejì di ìka rẹ̀ mú. "Ẹni tó bá búra lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan, irin ló ń pè sórí ara rẹ̀ yẹn."

"Mo ti pè é. Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀."

Pákó àkọ́kọ́ bà á lẹ́yìn. Ó ṣubú lé Munirah lórí, ó sì fi gbogbo ara bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún nà sílẹ̀, wọ́n sì fi òkúta fọ́ ọrùn ọwọ́ náà. Wọ́n ń lù ú títí àwọn ọlọ́pàá fi yìnbọn sókè ní ìkángun òpópónà.

Túbọ̀sún kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá kan béèrè lọ́wọ́ Munirah ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé òkú ẹran ni. Ibi tí wọ́n rán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè la ẹnu tán.

"Inú ilé ni mo wà, sà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

Kùdírátù wo ọmọ rẹ̀. Ògiri ni Munirah ń wò. Ìyá la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Wọ́n ti Awwal àti àwọn méjì mìíràn mọ́lé. Ní gbogbo òpópónà náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Ìyá Ẹlẹ́ran.

Ṣọ́ọ̀bù náà ti ṣí padà, gíláàsì rẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igun tí pátákó wà ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọwọ́ ọ̀tún Kùdírátù kò lè di ọ̀bẹ mú mọ́, bó bá sì lè dì í, kò sí ẹni tí yóò ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Munirah ti kó lọ sí Ìgànmú. Ó máa ń wá fọ aṣọ fún un, ó sì ń dìrun fún un, nítorí ọwọ́ kan kò lè ṣe é. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kan, bí irun ṣe kù díẹ̀, Kùdírátù ní, "Mo ti mọ ibi tí ìyá Túbọ̀sún ń gbé. Mo fẹ́ lọ bá a."

Òòyà dúró lórí rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún un?"

Kùdírátù fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lé itan rẹ̀, ó ń wo ọrùn ọwọ́ tí wọ́n fọ́. Munirah ya irun tó kù sí méjì, ó sì ń dì í lọ.