Ìbàdí Tí Kò Pàdé

Lọ́dún tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ télọ̀, ohun tí mo ní kò ju ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí à ń fọwọ́ yí, tábìlì kan, àti ẹnu. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà bi mí bóyá mo lè rán aṣọ ayé àtijọ́, irú èyí tí àwọn ìyá wọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ wọ̀. Mo ní, "Ẹ̀n, Mà, ìyẹn ò le." N kò rán irú rẹ̀ rí láyé mi.

Ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n sì ti pinnu pé aṣọ àtijọ́ ni gbogbo wọn máa wọ̀ wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ẹgbẹ́ yìí, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, fi àwòrán ìyá tó bí wọn lé mi lọ́wọ́. Obìnrin kan dúró ti àga. Aṣọ rẹ̀ gùn délẹ̀, ọrùn aṣọ náà ga dé àgbọ̀n, apá rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, ìbàdí rẹ̀ sì fún débi pé mo rò pé ọwọ́ mi méjèèjì lè ká a. Màmá ní kí n rán irú rẹ̀ gan-an fún ìyàwó ọmọ wọn. Bí ó bá jọ ti àwòrán, èmi ni màá rán ti àwọn méje tó kù nínú ẹgbẹ́. Aṣọ méje! Bàbá mi ti fún mi ní ọdún kan péré láti fi hàn wọ́n pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lè bọ́ mi n'Íbàdàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n kẹ́rù mi wálé. Oṣù márùn-ún ti lọ nínú ọdún náà, n kò sì tíì rán ju bùbá lọ.

Tíṣà ni ìyàwó ọmọ Màmá, Àǹtí Tíṣà ni èmi ń pè wọ́n. Ilé kan náà ni àwọn àti ìyá ọkọ wọn ń gbé, nínú àwọn ilé tuntun ní Bódìjà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ pé ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń retí ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti dúró, tí Màmá fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ kí wọ́n bá àwọn dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló bàjẹ́.

Mo wọn Àǹtí Tíṣà. Ìbàdí, ínṣì méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo lọ ra aṣọ búlúù tó ṣú dáadáa ní Dùgbẹ̀. Mo ti gbọ́ pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn òyìnbó ń fi sínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kí ìbàdí rẹ̀ lè dúró. Níbo ni n ó ti rí irin? Ìgbálẹ̀ ni mo rà. Mo ṣẹ́ igi rẹ̀, mo dì í ní mẹ́rin mẹ́rin, mo rán an mọ́ inú aṣọ láti abẹ́ ọmú dé ìbàdí. Ó dúró ṣanṣan. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìwọ̀n, Àǹtí Tíṣà wọ̀ ọ́ wò. Kò pàdé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ya sílẹ̀ tó ìka méjì.

"Má dààmú, àbúrò," ni wọ́n wí. "Bóyá oúnjẹ ọ̀sán ni."

Mo dààmú. Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ téèpù mi sórí rúlà wò, bóyá ó ti fà. Kò fà. Mo wọn aṣọ náà, ínṣì méjìdínlọ́gbọ̀n géérégé. A jẹ́ pé mo ṣi nọ́ńbà kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo tú gbogbo etí aṣọ tí mo ti ṣẹ́ sínú, mo fi kún un. Bí mo bá gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ńṣe ni mo ń sáré ká a pamọ́, mo rò pé Màmá ló wá wò ó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, mo gbé e lọ sílé wọn. Màmá jókòó ní pálọ̀. Àǹtí Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ dé nínú oòrùn, àwa méjèèjì sì wọ yàrá. Kò tún pàdé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ láti wo ibi tó ti há, ni mo rí pínnì kan lára pẹtikóòtì wọn, lápá ọ̀tún. Mo rò pé èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Télọ̀ tó ń gbàgbé pínnì sára oníbàárà, kí ló kù fún un? Mo nawọ́ kí n yọ ọ́.

Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, ó sì dùn mí.

Mo wo pínnì náà dáadáa. Kò di nǹkan kan mú. Kò síbi tó ya, kò sí bọ́tìnnì tó já. Mo ti rí irú rẹ̀ rí lára ìró ìyá mi nígbà tí wọ́n lóyún àbúrò mi tó kéré jù. Aboyún kì í jáde sínú oòrùn ọ̀sán láìfi pínnì sára, kí ohun tí ń rìn lọ́sàn-án má baà fọwọ́ kan ọmọ inú. Àǹtí Tíṣà tí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, abẹ́ aṣọ ni wọ́n fi tiwọn sí, níbi tí àlùfáà kò ti lè rí i.

Mo gbójú sókè. Wọ́n ń wò mí. A kì í fi oyún tí kò tíì yọ ṣe ọ̀rọ̀ sọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tó ti pàdánù méjì. Ìgbà náà ni mo rántí igi ìgbálẹ̀ tí mo tò sínú aṣọ, tó ń tẹ̀ wọ́n níkùn. Ẹ̀rù tó ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú ẹ̀yìn aṣọ náà.

Ni Màmá bá ṣílẹ̀kùn.

"Kò tún wọ̀ ni? Fà á, télọ̀. Fún un dáadáa." Wọ́n sún mọ́ wa, wọ́n wo ìyàwó ọmọ wọn láti òkè délẹ̀. Ojú wọn dúró níbi ìbàdí. "Àbí ìwọ lo ń sanra, ìyàwó?"

Mo mọ irú ìwò yẹn. Ó ku díẹ̀ kó yé wọn, bó bá sì yé wọn, kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ẹgbẹ́ á ti gbọ́. Mo fi ìkúnlẹ̀ rìn bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, èmi ni. Mo gé e kéré. Mi ò wọ̀n ọ́n dáadáa."

"Lẹ́ẹ̀mejì?"

"Lẹ́ẹ̀mejì, Mà."

Mo rò pé Àǹtí Tíṣà á sọ nǹkan, ó kéré tán kí wọ́n ní kí Màmá má bínú. Wọ́n kàn fọwọ́ bo ibi tí pínnì wà. Màmá mú àwòrán ìyá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo gbé e sí, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún bíi pé mo ti kó èérí bá a.

"O ní kò le," ni wọ́n wí. "Ẹni tí ò lè wọn ìbàdí ẹnì kan, ó fẹ́ gba ti èèyàn méje. Tún èyí ṣe bó o bá ṣe lè ṣe é."

Mo yọ igi ìgbálẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi aṣọ kún ẹ̀yìn, mo sì fẹ iwájú rẹ̀ débi tí ìbàdí kò fi hàn mọ́ rárá.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, aṣọ méje tí télọ̀ kan ní Dùgbẹ̀ rán dúró ṣanṣan, wọ́n dára, n kò lè purọ́. Àǹtí Tíṣà wà láàárín wọn nínú tèmi bí ẹni tó wọ aṣọ ìsùn wá. Obìnrin kan níwájú mi bi èkejì pé ta ló rán ìyẹn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ orin tí wọ́n kọ. Bí Àǹtí Tíṣà bá ti fọwọ́ ti ẹ̀yìn, tàbí tí wọ́n bá jókòó lójijì, ńṣe ni mo ń fò dìde lórí ìjókòó mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe ṣòkòtò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń ṣe. Ọdún kan pé, bàbá mi ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ọjọ́ kan ná. Wọn ò mọ ọjọ́ tí mò ń sọ.

Ó dé. Ọmọkùnrin ni. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mo ti di ẹrù mi sílẹ̀, nítorí ọkọ̀ ọ̀sán ni mo fẹ́ wọ̀ lọ sílé láti Òjóò. Màmá rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Télọ̀! Ṣé o wá wọn ọmọ ni?"

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, n kò ní í bò ó. Àǹtí Tíṣà ò bá wọn rẹ́rìn-ín, wọn ò sì gbèjà mi. Wọ́n kàn dìde, wọ́n gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyá ọkọ wọn, wọ́n rìn kọjá àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń nawọ́, wọ́n wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Bá mi gbé e, àbúrò."

Mo gbé e. Ó wúwo.