Àwọn Obìnrin Tó Kó Ẹ̀wù Òtútù Wá fún Rúùtù

Òórùn ẹ̀wà tó jóná ló jí mi lówùúrọ̀ Sátidé kan, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ajax ní Canada. Ẹ̀yin tí ẹ̀wà ti jóná mọ́ lọ́wọ́ rí mọ òórùn náà. Kì í lọ bọ̀rọ̀. Ó máa ń wọnú kọ́tìnnì, á wọnú báàgì ìwé, wàá sì gbé e dé kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí àwọn ọmọ òyìnbó á máa fín imú. Nígbà tí mo sáré délẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èéfín ń ké lára àjà, bàbá mi dúró lórí àga, wọ́n ń fi tówẹ́ẹ̀lì fẹ́ ẹ kó lè panu mọ́. Ìyá mi sì wà nídìí ìkòkò tó ń rú èéfín náà gan-an, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìwé ni wọ́n ń kà. Omi ń bọ́ lójú wọn, mo sì kọ́kọ́ rò pé èéfín ló fà á.

"Màámi, ẹ̀wà ti jó o!"

"Jẹ́ kó jó," ni wọ́n wí. "Àká Rúùtù ló ń jó níbí."

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Obìnrin Jàmáíkà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún wọn ní ìwé náà, láti ọjọ́ yẹn ni ilé wa ò sì ti rójú mọ́. Ìtàn ayé àtijọ́ ni, ìtàn ìdílé aláwọ̀ dúdú kan, Rúùtù àti Ámósì ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ Ontario. Ilẹ̀ olókùúta ni wọ́n rí gbà. Ilé ìwé tó wà nítòsí kọ̀ láti gba Dèbórà ọmọ wọn. Àwọn aládùúgbò sì wá dáná sun àká tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Ẹnì kan ló jókòó tó ronú ìtàn náà, àmọ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ àwọn èèyàn wa níbí lóòótọ́, ìyá mi ò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi kì í jẹ ohun dídùn kí wọ́n má kígbe. Wọ́n yin ìwé yẹn fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Wọ́n yìn ín fún aláìsàn tí wọ́n ń fún lábẹ́rẹ́. Wọ́n yìn ín fún ọkùnrin tó ń ta iṣu ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, títí tí ọ̀gbẹ́ni náà fi gbàgbé iye tó fẹ́ pè. "Ẹni tó kọ ìwé yìí, ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbẹ," ni wọ́n máa ń wí. Bí bàbá mi bá ní kí wọ́n rọra, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò." Èmi á wá fa fìlà òtútù mi bojú, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ìyá mi ni.

Ní tábìlì oúnjẹ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àbúrò wọn ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ Rúùtù. "Mo ti ní kí Rúùtù má jẹ́ kí Ámósì dá wọ igbó lọ." Bàbá mi á mi orí. Bàbá mi kì í gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà, oorun ni wọ́n sì máa ń bá wálé.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Ṣadé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Scarborough. Aláàánú èèyàn ni wọ́n, ṣùgbọ́n àánú wọn máa ń sáré ju etí wọn lọ. Ìgbà kan, wọ́n gbọ́ pé Jẹ́síkà tó wà lọ́dọ̀ aládùúgbò wọn ti bímọ. Wọ́n se ọbẹ̀ ata gbígbóná, wọ́n gbé e lọ. Ológbò ni Jẹ́síkà.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá mi dúró nídìí tábìlì tíì, wọ́n ń sọ ìtàn náà fún ọ̀rẹ́ wọn kan. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń jẹ pọfupọ́ọ̀fù. Ìtàn ti dé àárín kí Àǹtí Ṣadé tó dé.

"Wọ́n ti dáná sun gbogbo ohun tí wọ́n ní," ni ìyá mi ń wí tomijétomijé. "Igi wó lu Ámósì lẹ́sẹ̀, kò lè dìde. Òtútù ti dé. Rúùtù wà nínú oyún, kò sì ní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Ṣadé. "Jésù! Níbo ni wọ́n ń gbé?"

"Lọ́nà Hamilton lọ́hùn-ún, béèyàn bá kọjá Burlington, nínú oko gbalasa," ni ìyá mi dáhùn, torí bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ṣe sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí ìyà! Ilé ìwé ò gba ọmọ wọn, wọ́n ní torí pé aláwọ̀ dúdú ni."

"Nínú Canada yìí?"

"Nínú Canada yìí kẹ̀!"

Kí ìyá mi tó dárúkọ ìwé, Àǹtí Ṣadé ti gbé báàgì wọn, wọ́n ti lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá mi wà lẹ́nu ṣíìfù. Èmi àti bàbá mi la lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí Ṣadé gba makirofóònù, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìdílé kan tí ayé ń fìyà jẹ, ìyàwó ń jẹ́ Rúùtù, ọkọ ń jẹ́ Ámósì. Pásítọ̀ ní ká dìde. A gbàdúrà fún ẹsẹ̀ Ámósì. A gbàdúrà kí Rúùtù bí tibitire. Nígbà tó kan àwọn tó dáná sun àká, pásítọ̀ bọ́ kóòtù, gbogbo ìjọ sì ń ṣe àmín tó mi fèrèsé. Mo rò ó nínú ara mi pé èpè yẹn á rìn títí, kò ní mọ ilé tí yóò wọ̀.

Mo fa bàbá mi láṣọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì la máa ń sọ sí wọn bí wọ́n tilẹ̀ bá wa sọ Yorùbá: "Daddy, it's a book!"

Bàbá mi la ojú kan. "Mo mọ̀ pé ìwé ni. Rúùtù wà nínú Bíbélì, Ámósì náà wà níbẹ̀. Dúró dáadáa, à ń gbàdúrà."

Nígbà tí ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo sáré pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní wọ́n gbàdúrà fún Rúùtù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé láti bọ́ bàtà. "O rí i! Ìwé náà ti dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀!" Wọ́n rò pé ó fi ṣe ìwàásù ni. Ẹ sọ fún mi, kí ló tún kù tí ọmọdé lè ṣe?

Ní Sátidé, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí àdúgbò wa. Àǹtí Ṣadé ló ṣáájú, àwọn obìnrin ìjọ sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé ẹ̀wù òtútù, bàtà yìnyín, àpò ìrẹsì, bẹ́ẹ̀dì ọmọ tuntun. Ìyá mi ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìka wọn wà ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ojú wọn sì pọ́n bí ata.

"Ìyá Bùkọ́lá, wọ bàtà," ni Àǹtí Ṣadé wí. "Mú wa lọ bá Rúùtù."

Ìyá mi wò wọ́n, wọ́n fara tilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, Rúùtù ti kú."

Igbe ta! Àǹtí Ṣadé jókòó sórí àpò ìrẹsì, wọ́n káwọ́ lérí. Àwọn tó kù dì mọ́ ara wọn nínú yìnyín, wọ́n ń sunkún. Òyìnbó àgbàlagbà tó ń gbé ní òdìkejì wa fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Ìgbà wo ló kú?" ni Àǹtí Ṣadé bi wọ́n láàárín ẹkún.

"Ó ti pẹ́ o," ìyá mi ní. "Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún dáadáa."

Ẹkún náà kò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé wọn. Bàbá mi, tí ariwo ti jí, yọjú lẹ́yìn ìyá mi, wọ́n wo ẹ̀wù òtútù, wọ́n wo ìwé. "Àbí ìwé yìí lẹ kó ẹrù wá fún?"

Èmi ti wọ abẹ́ tábìlì, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú Àǹtí Ṣadé, ẹ̀rín náà kú. Ojú ti wọn gidigidi. Gbogbo ìjọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Kódà àwọn ìdílé tí kò ní lọ́wọ́ yọ̀ǹda ẹ̀wù òtútù. "Ìyá Bùkọ́lá, o sọ mí di òpùrọ́," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, wọ́n kọ̀yìn, wọ́n ń lọ síbi ọkọ̀ wọn. Ìyá mi dúró bí igi. Yàtọ̀ sí Àǹtí Ṣadé, wọn ò ní ẹ̀gbọ́n kankan ní gbogbo ìlú yìí.

Àǹtí Ṣadé ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Wọn ò wọlé. Wọ́n yíjú padà.

"Oyún inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó bí i," ìyá mi ní.

"Akọ ni àbí abo?"

"Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó sí pálọ̀ wa, ẹ̀wù òtútù lórí itan, lórí àga, lórí ilẹ̀. Ìyá mi ń ka Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń sọ ọ́ di Yorùbá bí wọ́n ṣe ń lọ. Àǹtí Ṣadé ń bá Ámósì jà, wọ́n ń gba Rúùtù nímọ̀ràn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Rúùtù ti bímọ tán nínú òtútù, tó ń fi aṣọ ọmọ náà sí ikùn ara rẹ̀ kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó wọ̀ ọ́ fún un, ìyá mi gbé ìwé sórí itan. Wọ́n ṣí ojú wò mí.

"Bùkọ́lá, ohun tí mo ṣe fún ọ nìyí. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí a gbé ní Scarborough, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná bàjẹ́, tí onílé ní òun ò tíì ráyè."

N ò gbọ́ ọ rí. Bàbá mi wo ilẹ̀.

"O ò sì sọ fún wa?" Àǹtí Ṣadé ní.

"Ta ni mo mọ̀ nígbà yẹn?"

Àǹtí Ṣadé sún mọ́ wọn, wọ́n nu ojú ìyá mi pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀wù òtútù Rúùtù, wọ́n ní, "Ó ti tó. Máa kà á lọ."

Ẹ̀wù òtútù náà kò ṣòfò. Ìyá mi fúnra wọn dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣàlàyé, ìjọ rẹ́rìn-ín títí pásítọ̀ fi di ikùn mú, a sì pín ẹrù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Àǹtí Ṣadé wá di ẹni tó ń yin ìwé náà ju ìyá mi lọ. Bí o bá jókòó fún wọn láti dirun, o ò ní dìde kí Rúùtù tó kọjá odò wọ Ontario. Àwọn oníbàárà wọn lọ ra tiwọn, torí Àǹtí Ṣadé kọ̀ láti sọ bó ṣe parí, kódà fún ẹni tó ti san owó irun.

Olùkọ́ ni mí báyìí, ní Brooklin tí kò jìnnà sí Ajax. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó dára nínú ìwé: kí wọ́n fi ojú ewé jẹ́rìí, kí wọ́n má ṣe pariwo. Bí ẹlẹgbẹ́ mi bá bi mí léèrè ìwé kan, mo máa ń ní, "Kò burú." Kò sẹ́ni tó tíì gbé àpò ìrẹsì wá sílé mi nítorí bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, à ń ka ìtàn ìdílé mìíràn tí ìyà jẹ láyé ọjọ́un. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì dúró dè mí lẹ́yìn tí àwọn yòókù jáde, ó sì béèrè bóyá àwọn èèyàn inú ìwé náà wà láyé lóòótọ́. Mo mọ èsì tó yẹ olùkọ́: ìwé lásán ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ bàbá mi ya nítorí rẹ̀. Mo fa àga kan fún ọmọ náà.

"Jókòó," ni mo wí. "Jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ń gbé fún ọ."